Ọmọ Odó Ìyá Mi Lọ́wọ́ Olùdásílẹ̀ Ìlú

Ní ọ̀sán Sátidé kan, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wá kan ilẹ̀kùn mi ní Upney, nílùú òyìnbó níbí. Ó gbé àpò ọ̀rá kan dání. Ìwé ìtàn ìlú wa ló wà nínú rẹ̀, èyí tí òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti kọ tán, tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ jáde kí wọ́n sì kó ránṣẹ́ sílé fún àwọn ilé ìwé. Ó ní kí n bá wọn yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò, kí n fi àmì sí i, nítorí pé tíṣà ni mí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, mo sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ yẹn kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo rí nípa ìlú tí wọ́n ń kọ ìtàn rẹ̀. Àmì orí ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó lọ tán, mo po tíì, mo fi awò sójú, mo wo èèpo ìwé náà. Bàbá alága ló wà níbẹ̀, nínú fọ́tò àtijọ́ kan. Ó jókòó sórí àga, ó tẹ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀ yàgàrà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ọ̀pá kan mú bí ẹni tó fẹ́ dájọ́ ikú fún ẹnì kan. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Olùdásílẹ̀ ìlú wa àti ọ̀pá àṣẹ rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí tíì mi fi tutù. Ọmọ odó ìyá mi ni ọ̀pá àṣẹ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé mo wà níbẹ̀, mo sì ti dàgbà tó ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Kò sí ìlú níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pápá ni, ní apá Òkè-Ògùn, koríko ṣáá, odò kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn òyìnbó ìjọba wo ilẹ̀ náà, wọ́n ní bí àwọn bá dí odò yẹn, tí àwọn sì la kòtò ńlá láti ibẹ̀, àgbẹ̀ á lè gbin ìrẹsì, ilá àti ata lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ ibòmíràn bá ti gbẹ. Wọ́n kó lébìrà wá. Wọ́n mọ ìdídò, wọ́n la kòtò ńlá, wọ́n fi ilẹ̀kùn onírin sí ẹnu rẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣí omi kí wọ́n sì máa tì í. Wọ́n wọn ilẹ̀ ní onígun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì kọ́ ilé onípáànù tí gbogbo wọn rí bákan náà. Nígbà tí mo wá dé Dagenham lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn tí a jọ dé ń la ẹnu sílẹ̀ wo ilé káńsù tó tò lọ láìyàtọ̀ síra wọn, kò yà mí lẹ́nu rárá. Irú èèyàn kan náà ló kọ́ wọn.

Bàbá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀. Lọ́rì kan náà ló kó ìdílé mọ́kànlá dé. Òyìnbó tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, Òyìnbó Olómi là ń pè é, kó àwọn ọkùnrin jọ, ó ní iṣẹ́ ìjọba parí sí etí kòtò ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ kí omi dé oko òun, kó gbẹ́ ipa omi fúnra rẹ̀ láti ibẹ̀ dé oko rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó wọ ọkọ̀, ó lọ lo ìsinmi ní ìlú rẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí ibà mú bàbá mi. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti kú. Ọyẹ́ dé, ilẹ̀ le bí òkúta, àwọn ọkùnrin yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan. Ọ̀kan rántí pé ìyàwó òun fẹ́ bímọ nílé. Òmíràn rántí òkú kan tó yẹ kí òun ti sin. Ẹnì kan tiẹ̀ ní eyín ló ń dun òun. Wọn kò sá o. Wọ́n kàn lọ kí ará ilé ni, wọn ò sì padà títí ilẹ̀ fi rọ̀.

Ìdílé mẹ́rin ló kù, tiwa nìkan ni kò ní ọkùnrin nínú wọn. Ìyá mi mú ọkọ́ bàbá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn á fi mú ló ń gbẹ́, èmi á máa fi igbá kó iyẹ̀pẹ̀ dà nù. Òyìnbó ní ẹ̀rọ tó ń gbé sórí igi mẹ́ta tó fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe dà. Ìkòkò ni ìyá mi ní. Á da omi díẹ̀ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ wo ibi tó ń ṣàn lọ, á sì gbẹ́ tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí omi kòtò ńlá wọ oko wa, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú omi. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó kù wá wò ó. Ojú tì wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tiwọn láti ara tiwa.

Omi kò tó gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà, ni ìjà bá dé. Ìyá mi ló parí rẹ̀. Ó ní ọmọ odó kan tí orí rẹ̀ ti là, tí kò ṣeé gún iyán mọ́. Ó ní ilé tí ọmọ odó yìí bá wà, ibẹ̀ ni omi wà. Tí àsìkò tìrẹ bá pé, o ò gbọ́dọ̀ rán ẹnikẹ́ni, ìwọ fúnra rẹ ni wàá gbé e lọ fún ilé tó kàn, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ rìn lẹ́bàá ipa omi dé ẹnu ilẹ̀kùn onírin, kí ẹ lè rí i pé kò sẹ́ni tó tú etí rẹ̀ jí omi lójú ọ̀nà. Ìdí tó fi mú ọmọ odó ni pé ó wúwo. Kò ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun. Bí ìlú wa ṣe ń pín omi nìyẹn títí mo fi dàgbà.

Ilá ti ń so nígbà tí bàbá alága dé. Mo mọ̀ nítorí pé èmi ni wọ́n ní kí n gbé ilá lọ fi kí wọn káàbọ̀. Ó kó ìyàwó méjì wá, àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, àti agbòjò kan. Alága wa ọ̀wọ́n wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń ké. Bàbá náà wọ ilé tí ọkùnrin ẹlẹ́yín dídùn yẹn fi sílẹ̀, ó bá ipa omi tó gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá, ó sì bá omi nínú rẹ̀. Kò gbẹ́ ohun tó tó kòtò èkúté.

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Òyìnbó Olómi padà dé pẹ̀lú akọ̀wé kan àti rẹ́jísítà ńlá. Àwọn kan lára àwọn tó lọ kí ará ilé náà ti padà, ara wọn ti dá. Akọ̀wé ní òyìnbó fẹ́ kọ orúkọ wa ní títò bí a ṣe dé, kó sì kan nọ́ńbà mọ́ ilé kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ dúró síbí? Ta ni ká kọ́kọ́ kọ?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ìyá mi. Mo rí i. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Ìyá mi sì kúnlẹ̀, ó nawọ́ sí bàbá alága. "Bàbá ni kí wọ́n kọ ná," ó wí. "Àwọn ló dàgbà jù. Orúkọ wa ò gbọ́dọ̀ ṣáájú tiwọn."

Bàbá náà kò sọ pé rárá. Ó gún fìlà rẹ̀ ṣe, ó jáde síwájú. Àwọn ọkùnrin yòókù tò tẹ̀ lé e láti orí àgbà dé orí ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń bu oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí ọkùnrin tán, wọ́n kan kẹsàn-án mọ́ ilé tiwa. Orúkọ bàbá mi tó ti kú ni wọ́n kọ sínú rẹ́jísítà. Akọ̀wé kò béèrè tìyá mi, òun náà kò sì sọ ọ́.

Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ yẹn ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìwé òyìnbó lásán ni. Ta ni kò mọ̀?"

Láti ọjọ́ náà lọ, Ìyá Ilé Kẹsàn-án ni gbogbo ìlú ń pè é. Mo ti bínú sí ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi, ìdí sì wà fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo bínú sí pẹ́ tó ìyá mi nítorí gbólóhùn yẹn.

Ìlú náà gbòòrò. Wọ́n kọ́ ilé ìwé, ilé ìwòsàn kékeré, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì dé, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀ lé e, títí ọjọ́ ọjà wa fi ń kó èèyàn jọ láti ìlú mẹ́fà. Òyìnbó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ìjọba tiwa fẹ́ mọ ẹni tó máa jẹ Baálẹ̀, wọ́n ṣí rẹ́jísítà, wọ́n wo ẹni àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ayàwòrán dé, Baálẹ̀ tuntun ránṣẹ́ wá yá ọmọ odó ìyá mi kí òun lè rí nǹkan gbá mú nínú fọ́tò. Kò dá a padà. Wọ́n ń fi pákó kan pín omi lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ó kàn mí láti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, fọ́ọ̀mù mi nílò ìbuwọ́lù Baálẹ̀. Ó ní òun á buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n kí ìyá mi gbà kí àwọn pààrọ̀ oko: tiwa tó wà nídìí ilẹ̀kùn omi, àti tirẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí omi kì í dé tán. Ìyá mi gbà. Mo di tíṣà, ìyá mi sì fi ìyókù ayé rẹ̀ dúró de omi tí àwọn ẹlòmíràn bá lò kù, nínú ipa omi tí òun ló gbẹ́ ẹ.

Nítorí náà, nígbà tí mo ka ìwé alága tán, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí ìyá mi wà nínú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ti kú tán. Bí ìwé náà bá lọ sílé bó ṣe wà yẹn, irọ́ ni àwọn ọmọ ilé ìwé á máa kọ́ sórí, ìgbà tí èmi náà bá sì lọ, kò ní sí ẹni tó máa já a.

Mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Mo sì fi ìpínrọ̀ kan kún ojú ìwé kẹta.

Họ́ọ̀lù kan lẹ́bàá ọgbà Valence ni ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Àwọn kan ti ṣọ́ọ̀ṣì wá nínú sùtánà funfun, àwọn aláàjì tiwa jókòó lápá kejì. Alága ṣí ìwé náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ tíṣà yàtọ̀."

"Wo ojú ìwé kẹta."

Ó kà á. Ẹ̀rín rẹ̀ lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún Màmá o. Ṣùgbọ́n rẹ́jísítà ìjọba wà nílẹ̀. Orúkọ bàbá mi ni àkọ́kọ́. A ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pa ìwé rẹ́."

"Níbo lo wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ rẹ́jísítà?"

"Mo kéré nígbà yẹn."

"Ẹ̀yìn ìyá ẹ lo wà. O ti yàgbẹ́ sára, èmi ni wọ́n sì rán kí n lọ bu omi tí wọ́n fi nù ọ́."

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn aláàjì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síbí, gbé fọ́tò èèpo ìwé náà sójú fóònù rẹ̀, ó ń fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́.

"Grandma, ọmọ odó? Ẹ siriọ́sì?"

"Wo orí ẹ̀. Ṣé o rí ibi tó ti là?"

"Yéè! Ó là lóòótọ́! Ọ̀gá alága, pestle ni bàbá yín mú dání o!"

Họ́ọ̀lù náà dàrú. Alága lu tábìlì. Ó ní òun kì í ṣe aláìgbọ́n, kí n mú ẹlẹ́rìí wá, ẹnì kan péré tó wà níbẹ̀ nígbà náà, tí kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ó sì mọ̀ pé n kò ní lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ẹgbẹ́ mi tí mo sọ, tó ń gbé ní Castle Green. Ọdún mọ́kàndínlógún la ò ti bára wa sọ̀rọ̀. Ó wá síbi ìsìnkú ìyá mi nílé, ó jẹun tán, ó sì ń sọ kiri pé ẹran wa le.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nítorí ariwo ọkọ̀ ńlá tó ń gba títì A13 kọjá. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Tíṣà! O ò tíì kú?"

"Mi ò tíì kú."

"Jókòó. Mi ò ní ẹran nílé, torí náà kò sí èyí tó máa le mọ́ ẹ lẹ́nu."

Mo jókòó. Mo gbé ìwé náà lé e lẹ́sẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó wo èèpo rẹ̀ pẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín tó fi wúkọ́, tí olùtọ́jú rẹ̀ fi sáré gbé omi wá.

"Ọ̀pá àṣẹ kẹ̀! Ọmọ odó yẹn ni ìyá ẹ gbé lé mi kiri láàárọ̀ ọjọ́ tí mo tú etí ipa omi yín. Ìbá fọ́ mi lórí. Bàbá mi ló sì rán mi kí n lọ tú u."

"O mọ̀ pé ìyá mi ló gbẹ́ ẹ?"

"Ta ni ò mọ̀?"

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ ilé ìwé tó gọ̀. "Ta ló bi mí? Àwọn ọkùnrin ń kọ̀wé, wọn ò bi mí. Ìwọ gbé imú sókè ní Upney, ìwọ náà ò bi mí. Ṣé màá dúró sẹ́nu ọ̀nà máa kígbe ẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ni?"

Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí.

Ó ní kí olùtọ́jú òun bá òun pe alága, kó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ta ló gbẹ́ ipa omi ìlú wa?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí n—"

"Mo ní ta ló gbẹ́ ẹ?"

A ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń béèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá sọ fún mi kí wọ́n tó kú," ó wí níkẹyìn. "Wọ́n ní Ìyá Ilé Kẹsàn-án ni."

Ó mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ó mọ̀ nígbà tó ń lu tábìlì.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Tí ìwé yẹn bá jáde tí obìnrin náà ò sí níbẹ̀, màá ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì mí wá sí họ́ọ̀lù yín, màá sì sọ ọdún tó o pé kó o tó jáwọ́ nínú àtọ̀lé lójú ìyàwó ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ jọ̀ọ́! A máa fi sí i."

Ẹ wò ó. Ọkùnrin tí òtítọ́ kò mì, tí fọ́tò kò mì, tí gbogbo họ́ọ̀lù fi rẹ́rìn-ín tí kò yẹsẹ̀, obìnrin kan tó kàn ṣáájú rẹ̀ wáyé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wólẹ̀. Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ń ronú lọ́jọ́ rẹ́jísítà, wọn ò sì tíì kọ́ òmíràn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. N kò lọ sí Castle Green láti lọ tún ọgbọ́n orí wọn ṣe.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, alága pè mí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbìmọ̀ ti gbà. Ìpínrọ̀ yín á wà níbẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́. Fọ́tò bàbá mi ṣì máa wà lórí èèpo ṣá o."

"Fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ nǹkan tó dì mú sábẹ́ ẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "A máa kọ ọ́. Ìyá Ilé Kẹsàn-án náà la máa pe Màmá, àbí?"

"Ilé ló ní nọ́ńbà. Ìyá mi ní orúkọ."

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Kí ni orúkọ wọn? Mi ò gbọ́ ọ rí."

Ọmọ tó fi ilá ìyá mi kọ́ oúnjẹ jẹ ni. Ó gbé ogún ọdún nínú ìlú tí obìnrin yìí fa omi sí, ó sì ti kọ odidi ìwé lé e lórí. Mo pe orúkọ náà fún un: èyí tí wọ́n sọ ọ́, oríkì rẹ̀, àti ti bàbá rẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí. Inú ìwé tiwọn ni mo ti fẹ́ kí ẹ rí i.

Ó pè é tẹ̀ lé mi, ó fo oríkì.

"Tún un pè," mo wí.

Ó tún un pè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣi orúkọ bàbá pè.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ á—"

"Mi ò ní kó o kọ ọ́. Mo ní kó o pè é."

Ó pè é. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, ó sì pé. Mo gbé fóònù sílẹ̀ láì kí i pé ó dàbọ̀.